Rélùwéè ti dé, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alákòóso ètò ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìrìnnà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti Ọ̀gá Àgbà LAMATA, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà ọkọ̀ èrò ní Èkó,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. A fẹ́ dúpẹ́ ká tó béèrè, nítorí ẹni tó bá mọ bí Èkó ṣe rí kí bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní oṣù kẹta ọdún 2008 kò ní sọ pé nǹkan kan ò yí padà. Rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2: kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. Red Line tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló ti ń gbé èrò láàárín Agbado àti Oyingbo: kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ. Ibùdó 13 lápapọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ohun tó kù la wá bá yín sọ. Kò sẹ́ni tí ilé rẹ̀ wà nínú ibùdó rélùwéè. Ibì kan ni èrò kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀, ibì kan ló sì ń lọ bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń rìn ín. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ọ̀nà sì gún fún, á rin nǹkan bíi mítà 80 ní ìṣẹ́jú kan, mítà 800 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mítà 800 yìí ni àwọn tó ń ṣètò ìrìnnà káàkiri ayé sábà máa ń fi díwọ̀n ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn wá wọ ọkọ̀ ojú irin. L'Ékòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn tètè ń di ogún. Ènìyàn á yà fún gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, á bọ́ sójú títì fún jíìpù tí wọ́n páàkì sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, á dúró de danfó tí òun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá sú u, á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá fún ìrìn tí kò tó kìlómítà kan. Owó kẹ̀kẹ́ ní àlọ, owó rélùwéè, owó kẹ̀kẹ́ lápá ibi tó ń lọ: bó bá ṣírò rẹ̀ tán, á padà sínú danfó tó ń gbé e láti ìtòsí ilé dé ìtòsí ibi iṣẹ́. Ojú ibẹ̀ gan-an ni owó tí ìjọba ná sórí irin ti ń jò dànù.

Ohun kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí mítà 800 tó yí ibùdó kọ̀ọ̀kan ká di ara iṣẹ́ rélùwéè, kó ní àwòrán tirẹ̀, owó tirẹ̀, àti ẹni kan tí a lè pè kó wá dáhùn fún un. A ò ní kí ẹ lọ kọ ìlànà tuntun. Ọdún 2018 ni Èkó ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìlànà tó dáa ni. Bí ohun tó wà nínú ìwé ṣe máa dé orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ tó kù, orí ilẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí gọ́tà, nítorí orí gọ́tà ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Èkó wà. Láti Ebute Metta dé Agege, ní àdúgbò tó pọ̀, ohun tí à ń pè ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ò ju síláàbù tí wọ́n fi bo gọ́tà lọ. Bí ẹyọ kan bá kán, ọ̀nà já nìyẹn. Ẹni tó wà lórí àga onítáyà, ìyá tó pọnmọ, alábàárù tó rẹrù bọ̀ láti ọjà Oyingbo, gbogbo wọn á bọ́ sí títì. Lálẹ́ tí iná ò bá sí, tàbí tí òjò bá rọ̀ tí omi bo ojú ọ̀nà, ẹni tí kò mọ àdúgbò á fẹsẹ̀ wá ihò yẹn kàn.

Kí ló ń fọ́ síláàbù? Ibi tí irin wà nínú rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ wò. Síláàbù tó dá gọ́tà kọjá máa ń fẹ́ tẹ̀ bí ẹrù bá gun ẹ̀yìn rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ là. Kọnkéré lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀, kò lè gba fífà, ìdí rèé tí irin fi gbọ́dọ̀ wà lápá ìsàlẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń dà á lẹ́bàá ọ̀nà sábà máa ń tẹ́ irin sílẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Irin á fara kanlẹ̀, ọ̀rinrin àti omi gọ́tà á máa jẹ ẹ́, kò sì ní pẹ́ tí á fi dógùn-ún tí á sì ṣí kọnkéré kúrò lára. Àwọn mìíràn á fà á sókè jù, á wá wà láàárín, níbi tí kò ti ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ò wọ́n rárá: kí wọ́n fi òkúta kọnkéré pẹlẹbẹ gbé irin kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹnì kan látọ̀dọ̀ ìjọba sì fojú rí i kí wọ́n tó da kọnkéré. Bí wọ́n bá ti dà á tán, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí irin wà mọ́.

Ẹrù náà tún wà níbẹ̀. Síláàbù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15 tó fún ẹsẹ̀, tìpà yanrìn ló wá ń gùn ún. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń wọlé sí ọgbà ilé gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí irin ibẹ̀ sì pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Níbi yòókù, òpó kọnkéré kúkúrú ni ká fi dí ọkọ̀ lọ́nà, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20. Àga onítáyà á kọjá níbẹ̀, mọ́tò ò ní lè kọjá.

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ni ti kíkó gọ́tà. Síláàbù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, ìwọ̀n rẹ̀ ju kílò 200 lọ. Kò ní ibi téèyàn lè fọwọ́ dì mú. Ẹni tí wọ́n ní kó kó gọ́tà á ti dígà bọ etí rẹ̀, etí á fọ́, á yí síláàbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kó ẹrẹ̀ jáde sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pé kó gbẹ kí ọkọ̀ tó wá kó o. Òjò á dé kí ọkọ̀ tó dé. Ẹrẹ̀ á padà sínú gọ́tà, síláàbù ò sì ní padà sáyè rẹ̀. A ò dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni méjì tó lè gbé kílò 200 lọ́wọ́ lásán. Bí a bá ṣe síláàbù kéékèèké, sẹ̀ǹtímítà 80 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀, 12 ààbọ̀ ní nínípọn, kò ní tó kílò 100. Ká fi páìpù irin há ihò méjì sí i lára níbi tí ìkọ́ lè wọ̀, ẹni méjì á gbé e sókè, wọ́n á sì dá a padà. Kí àlàfo láàárín síláàbù kan sí èkejì má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí ọ̀pá ẹni tí kò ríran àti táyà kékeré má baà há síbẹ̀. Ká má sì fi ìdérí onírin dán an wò, àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù á ti rà á kí oṣù tó parí. Nínú ìwé àdéhùn gọ́tà kíkó, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, síláàbù gbọ́dọ̀ padà sáyè, kí owó tó jáde.

Ní ti fífẹ̀, mítà méjì ni kó kéré jù, kí ẹni méjì lè rìn pọ̀ kí ẹlòmíràn sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́nu géètì Yaba àti Oshodi, kò yẹ kó dín ní mítà mẹ́rin. Ibi tó ṣófo là ń wọ̀n o. Ẹ yọ òpó iná kúrò, ẹ yọ jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ pátákó ìpolówó àti àtẹ̀gùn tí onílé nà wá síta, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè pé níbo la ó ti rí àyè, ojú títì ni. Léènì tó fẹ̀ ní mítà 3.65 dára fún òpópónà tí ọkọ̀ ti ń sáré. Láàárín ìlú, níbi tí ìwọ̀n eré kò yẹ kó ju kìlómítà 30 sí 40 láàárín wákàtí lọ, mítà 3.15 tó danfó. Bí a bá mú sẹ̀ǹtímítà 50 lára léènì mẹ́rin, mítà méjì ti jáde láìwó ilé ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? Wọ́n máa ń lé wọn lónìí, wọ́n á padà lọ́la, ọjà wọn tí wọ́n gbà sì lè jẹ́ gbogbo owó tí ìyàwó ilé kan ní. Ibi tí èrò ń gbà ni wọ́n ń tajà sí, kò sì sí bí a ó ṣe ṣe rélùwéè tí èrò ò ní pọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ fa ìlà sílẹ̀: mítà méjì tó ṣófo fún ẹsẹ̀, mítà kan àbọ̀ fún àtẹ lápá etí títì, níbi tí òpó iná àti igi wà. Ẹ fún àwọn ìyálọ́jà ibẹ̀ ní ojúṣe lórí ìlà náà. Èrò wa ni pé ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ń dáàbò bo ọ̀nà ju odi lọ.

Bí ẹ bá fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ ọ̀nà, èyí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tó fún ẹsẹ̀, mẹ́jọ níbi tí ọkọ̀ ń gùn. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì àti páìpù omi. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á to íńtálọ́ọ̀kì padà sórí rẹ̀, òjò kan á rọ̀, ibẹ̀ á rì. Ìpele-ìpele ni iyẹ̀pẹ̀ ń padà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, kí wọ́n sì kì í dáadáa kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Ọgbọ́n tó ju ìyẹn lọ ni kí ẹ ti ri páìpù ṣófo sábẹ́ ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí LASIMRA, àjọ tó ń bójú tó ohun amáyédẹrùn Èkó, sì sọ fún gbogbo ẹni tó ní wáyà pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà.

Ọ̀rọ̀ ìsọdá títì le ju èyí lọ, nítorí ó kan ẹ̀mí. Ní Ikorodu Road, ní Oshodi, àti lórí òpópónà Badagry tí wọ́n ń sọ di léènì mẹ́wàá, afárá ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, a ò jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo títì ló yẹ kí ènìyàn gun òkè kó tó lè sọdá. Kí tírélà lè gba abẹ́ afárá, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lókè gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Bí ìdásẹ̀lé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, 40 ni ènìyàn á gùn lọ sókè, 40 ni á tún sọ̀ wá sílẹ̀. Fún àga onítáyà, ìdagẹ̀rẹ́ tó tọ́ ni mítà kan sókè fún mítà 12 ní gígùn. Mítà 72 nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, láìka ibi ìsinmi. Ká wá ní kí ìyá àgbà rin gbogbo èyí nítorí títì tí kò fẹ̀ ju mítà 14 lọ? Kò ní rìn ín. Á sọdá nísàlẹ̀, a ó sì máa bá a wí.

Ní Herbert Macaulay Way ní Yaba, ní Broad Street ní Lagos Island, ní àwọn títì tó yọ sí Agege àti Mushin, ẹ gbé ojú ìsọdá fúnra rẹ̀ sókè. Sẹ̀ǹtímítà 15, kó bá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dọ́gba. Kí orí rẹ̀ tẹ́jú ní mítà mẹ́rin, kí ibi tí ọkọ̀ ń gbà gùn ún fẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan àbọ̀. Ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ á rọra, bóyá LASTMA, àwọn adarí ọkọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, wà níbẹ̀ o, bóyá wọn ò sí. Ohun tí ìrọra yẹn ń ṣe rèé: lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ dáa, tí awakọ̀ rẹ̀ sì tètè fura láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á rin nǹkan bíi mítà 13 kó tó dúró bó bá ń sá kìlómítà 30 láàárín wákàtí. Bó bá ń sá 60, á rin nǹkan bíi mítà 37. Ọ̀pọ̀ danfó wa sì rèé, bíréékì wọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ba ojú ìsọdá yìí jẹ́ ni omi. Agbaṣẹ́ṣe á gbé kọnkéré dí ọ̀nà omi lẹ́bàá títì, òjò á rọ̀, adágún á wà níwájú ilé àwọn èèyàn, àwọn ará àdúgbò á sì fi dígà fọ́ ọ, wọ́n ò sì jẹ̀bi. Kí ẹ fi ọ̀nà omi sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ dá a dúró díẹ̀ kó tó kan etí ọ̀nà kí ẹ sì fi síláàbù bo àlàfo náà. Níbi tí títì bá ní léènì mẹ́rin, ẹ ṣe ibi ìdúró sí àárín, kó fẹ̀ ní mítà méjì, kí ènìyàn lè máa sọdá mítà méje-méje. Bí iná adarí ọkọ̀ bá wà, ẹ má ṣe fi ìrìn ọ̀dọ́mọkùnrin díwọ̀n rẹ̀. Mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kí ẹ lò, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 14 fún mítà 14.

Ẹ̀gbẹ́ irin Red Line náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba ní Shogunle ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, tí ènìyàn mẹ́fà kú, kò sẹ́ni tó tún nílò àlàyé lórí ewu ibi tí títì àti irin ti pàdé. Àwọn afárá ọkọ̀ tí ìjọba kọ́ sí Yaba, Oyingbo, Mushin àti Ikeja ti yanjú ti mọ́tò. Ẹlẹ́sẹ̀ tó ti ń gba ibì kan sọdá irin láti ìgbà bàbá rẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà. Níbikíbi tí odi ẹ̀gbẹ́ irin bá ti lu, ẹ má kàn dí i kí ẹ sì máa lọ. Ẹ̀rí ni pé ilé ìwé, ọjà tàbí mọ́ṣáláṣí kan wà ní òdìkejì. Ẹ ka iye àwọn tó ń gba ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì kọ́ ọ̀nà òkè tàbí ti abẹ́ síbi tí wọ́n ti pọ̀ jù.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ò tíì pọ̀ l'Ékòó, àmọ́ àwọn tó ń gùn ún wà: àwọn gáàdì, àwọn tó ń ta búrẹ́dì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó so irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Látìgbà tí ọ̀kadà ti kúrò lójú títì ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Lagos Mainland àti Surulere ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, àyè wà fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń dá àwọn ènìyàn dúró ní ibùdó rélùwéè ni olè. Kò sẹ́ni tó máa fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbi tí kò ti ní bá a. Páìpù irin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni kí ẹ tẹ̀ bí férémù ìlẹ̀kùn, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, kí ẹ rì í mọ́ inú kọnkéré, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà kan. Ẹyọ kan á gba kẹ̀kẹ́ méjì, àyè mọ́tò kan á gba nǹkan bíi mẹ́wàá. Kó wà lójú gáàdì tó ń ṣọ́ géètì, lábẹ́ òrùlé. Kó má wà lẹ́yìnkùlé. Láti Oyingbo gba Carter Bridge dé Idumota kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ, ìṣẹ́jú méjìlá lórí kẹ̀kẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ni afárá náà, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sọ ọ́ kí iṣẹ́ àtúnṣe kankan tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Igi àti iná, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ 14 oṣù keje ni Èkó máa ń gbin igi lọ́dọọdún. Ẹ gbin wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà ibùdó, kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ kí gbòǹgbò má baà gbé íńtálọ́ọ̀kì sókè. Òpó iná tó ga ní mítà mẹ́wàá ń tan ìmọ́lẹ̀ sí mọ́tò, ewé igi ń dí i mọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Iná ẹlẹ́sẹ̀ kò yẹ kó ga ju mítà márùn-ún lọ.

Ta ni yóò ṣe é? Nínú mítà 800 kan ṣoṣo, títì ìjọba àpapọ̀ lè wà, ti ìpínlẹ̀ lè wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ lè wà. Gọ́tà wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àyíká, gbígbẹ́ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ LASIMRA, ọkọ̀ tó páàkì wà lọ́wọ́ LASTMA. Gbogbo wọn ló lè sọ pé kì í ṣe tiwọn. Ẹ yan ẹnì kan fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ ipò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì rẹ̀ wà lára ògiri ibùdó náà. Bí iṣẹ́ bá sì parí, kí ẹ tó sanwó, kí ẹ pe LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, wá pẹ̀lú ẹni tó ń lo àga onítáyà lójoojúmọ́. Òfin Èkó ti ọdún 2011 lórí àwọn tó ní ìpèníjà ara ti fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà tó ṣeé rìn. Kí ẹni tó ń lo àga náà wa àga rẹ̀ láti géètì ibùdó títí dé òpin mítà 800. Ibi tí àga bá ti dúró, owó agbaṣẹ́ṣe náà dúró níbẹ̀.

Yaba, Oshodi àti Marina ni a dábàá kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èrò ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́ jù. Téèpù mítà 50, ẹfun, ìwé àti ẹni méjì ti tó fún ìwọ̀n náà. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti dín ní mítà méjì, tí síláàbù kan ò sí, tí ìdásẹ̀lé bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Kí àwòrán ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde fún gbogbo ènìyàn láti wò kí ìsúná ọdún tó ń bọ̀ tó dé Ilé Aṣòfin ní Alausa, kí iye owó rẹ̀ sì wà nínú ìsúná náà lábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá nílò ẹni tó máa di ìkangun téèpù kejì mú, a ti ṣe tán, ọjọ́ tí ẹ bá dá la ó wá.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò ìlú àti ìrìnnà,
Ebute Metta àti Yaba